Ẹni Tí Kò Níbi Sá Sí: Lẹ́tà sí Fọlákẹ́

Rotterdam

Fọlákẹ́, àbúrò mi àtàtà,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Kí lẹ́tà náà tó dé ni màmá rẹ ti pè mí lórí fóònù, tí wọ́n ń fi ìdùnnú sọ fún mi pé ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí o fi báńkì sílẹ̀, kí o wá jókòó sí ọ̀kan nínú àwọn àga ńlá ilé iṣẹ́ owó-orí. Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ìwọ bi mí yàtọ̀ sí tiwọn. O ní ṣé ẹni tó mọ ilé iṣẹ́ aládàáni í darí lè darí owó-orí, àti pé níwọ̀n bí àwọn ará Nẹ́dálándì ti máa ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sípò, kí n sọ ohun tí mo ti rí láìfi dúdú pe funfun.

Wọ́n máa ń fi wọ́n sípò lóòótọ́. Ní The Hague, mínísítà ètò ìnáwó kì í dá ru ẹrù náà. Igbákejì kan wà tí wọ́n ń pè ní staatssecretaris, òun ni ọ̀rọ̀ owó-orí já lé léjìká. Òun ló ń gbé òfin owó-orí lọ sílé aṣòfin, òun náà ni wọ́n ń bi léèrè bí Belastingdienst, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó náà, bá ṣi ẹsẹ̀ gbé. Láàárín 2005 sí 2006, wọ́n tún gbé iṣẹ́ mìíràn lé Belastingdienst lọ́wọ́ tí kò jọ gbígba owó rárá: wọ́n ní kó máa pín owó ìrànwọ́ fún àwọn ìdílé, ti ilé gbígbé, ti ìlera, ti ìtọ́jú ọmọ. Ọwọ́ tó ń gbà náà ló wá ń fúnni nígbà náà. Fi ìyẹn sọ́kàn, a ó dé ibẹ̀.

Àga yìí gbóná. Frans Weekers kò lè jókòó lé e di òpin, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2014. Menno Snel ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2019. Folkert Idsinga, tó jẹ́ agbẹjọ́rò owó-orí kó tó wọ òṣèlú, lo nǹkan bí oṣù mẹ́rin péré ní 2024 kó tó lọ, nígbà tí wọ́n ní kó wá tú àwọn ìpín ìdókòwò tó ní sílẹ̀ fún gbogbo ayé rí. Bí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé iṣẹ́ ìjọba fúyẹ́ ju ti báńkì lọ, béèrè lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yìí.

Ẹni tó bá ìbéèrè rẹ mu jù ni Jan Kees de Jager. Ọmọ Kapelle ni, ní agbègbè Zeeland, wọ́n bí i ní 1969. Ní 1992, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Rotterdam níbí, èyí tó padà di ISM eCompany, tó ń bá àwọn oníṣòwò kọ́ ìsọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kejì 2007, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, CDA, fi í sórí àga náà lábẹ́ Wouter Bos, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà. Kò tíì móoru lórí rẹ̀ tí ìṣòro fi dé: kọ̀ǹpútà Belastingdienst ba fọ́ọ̀mù owó-orí bíi 730,000 jẹ́, àwọn tó sì ti fi tiwọn ránṣẹ́ ní láti jókòó tún un kọ. Oníṣòwò kọ̀ǹpútà ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kí káàbọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ kí o wò lára rẹ̀. Owó-orí ọkọ̀ òfurufú ni. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 2008, ẹnikẹ́ni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ní Nẹ́dálándì ní láti máa san Yúrò 11.25 bí ibi tó ń lọ bá sún mọ́, Yúrò 45 bó bá jìn. Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó láti pápákọ̀ òfurufú Schiphol, 45 ni tirẹ̀. Ìjọba ti ṣírò rẹ̀ pé bíi mílíọ̀nù 350 Yúrò ni yóò máa wọlé lọ́dún. Ó dára lórí ìwé. Àfi pé orílẹ̀-èdè yìí kéré, bọ́dà kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Pápákọ̀ òfurufú Weeze wà ní Jámánì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbára lé bọ́dà, Düsseldorf náà kò jìnnà. Bí ìdílé tó ń lọ gbafẹ́ ní Spéènì bá ti ṣírò iye orí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ, wọ́n á wọ mọ́tò wọn, wọ́n á gba Jámánì fò. Ọ̀dá owó tó jà káyé lọ́dún náà bá wọn dá sí i. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 2009, ọdún kan gééré, ìjọba sọ iye rẹ̀ di òdo. Owó náà padà wá ní 2021, iye kan fún gbogbo ìrìnàjò, kò sì tó Yúrò mẹ́jọ lọ́dún yẹn.

Òun nìkan kọ́ ló pinnu pé kí wọ́n fà á kúrò, ṣùgbọ́n mo rò pé irú ojú tí oníṣòwò fi ń wo nǹkan ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọjà tí kò tà, oníṣòwò kì í bá a jà. Ó gbọ́ ohùn ẹni tó ti fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí òdìkejì. De Jager fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ìnáwó ní oṣù Kejì 2010 nígbà tí ẹgbẹ́ Bos jáde nínú ìjọba, ó bá wàhálà gbèsè Gíríìsì yí títí di 2012, lẹ́yìn náà ó padà sídìí òwò, ó di ọ̀gá tó ń mójú tó owó ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù KPN ní 2014. Oníṣòwò ló wọlé, oníṣòwò ló jáde.

Ibi tí mo fẹ́ mú ọ lọ nìyí: èrò ọkọ̀ òfurufú ní Weeze. Ìdí nìyẹn tí ọdún kan fi tó láti mọ̀ pé nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń san owó kò bá ní Weeze tirẹ̀?

Jẹ́ kí n wá mú ọ dé ọ̀dọ̀ Eric Wiebes. Ọmọ Delft ni, wọ́n bí i ní 1963, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì ìlú náà. Ó ṣiṣẹ́ ní Shell (bẹ́ẹ̀ ni, Shell tí àwa mọ̀ láti ayé Oloibiri), ó lọ sí McKinsey, ó lọ sí OC&C, àwọn ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìmọ̀ràn ni wọ́n ń tà fún àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ ìjọba, ó ṣe kọmíṣánnà ọ̀rọ̀ ìrìnnà ní ìlú Amsterdam, nígbà tó sì di oṣù Kejì 2014 wọ́n ní kó wá gba àga tí Weekers fi sílẹ̀. Ọlọ́pọlọ pípé ni. Ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nílé aṣòfin. Kò sì bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ńlá: òun kan náà ló wá kéde ní 2018, nígbà tó ti di mínísítà ọrọ̀ ajé, pé Nẹ́dálándì máa dáwọ́ gáàsì wíwà dúró ní Groningen nítorí ìmìtìtì ilẹ̀ tó ń fọ́ ilé àwọn ará ibẹ̀. Nítorí náà, má ṣe rò pé ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni mò ń ròyìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ aláìmọ̀ṣẹ́ ni, ìtàn rẹ̀ kò ní wúlò fún ọ.

Wiebes bá ilé iṣẹ́ kan tó ní òṣìṣẹ́ bíi 30,000, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti gbó. Ó ṣe ohun tí ìwọ náà ì bá ṣe. Ní 2015 ó gbé ètò àtúnṣe kalẹ̀: ẹ̀rọ àti détà ni yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ bíi 5,000 máa lọ, wọ́n á sì gba bíi 1,500 ènìyàn tuntun tó mọ détà. Wọn kò fẹ́ lé ẹnikẹ́ni, wọ́n ní ẹni tó bá fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda kí ó gba owó kó máa lọ. Owó náà dùn, ẹnikẹ́ni ló sì lè forúkọ sílẹ̀, yálà iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ èyí tí wọn kò nílò mọ́ tàbí èyí tí wọ́n nílò jù. Àwọn àgbà tó mọ inú mọ ẹ̀yìn òfin owó-orí, tí ìfẹ̀yìntì wọn kò sì jìnnà mọ́, ló tètè na ọwọ́. Nígbà tó di ìparí 2016, àwọn tó fẹ́ lọ ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n rò lọ, Wiebes sì dúró níwájú ilé aṣòfin tó ń tọrọ àforíjì. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jáde pẹ̀lú ìròyìn rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2017. Ní ilé iṣẹ́ aládàáni, bí o bá fi owó lé àwọn ògbóǹkangí rẹ lọ báyìí, àwọn tó bá ọ dòwò pọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ kí oṣù tó parí. Níbí, àwọn tó ń pe fóònù Belastingdienst tí wọn kò rí ẹni tó mọ ìdáhùn ló jẹ ìyà rẹ̀. Wọn kò lè lọ sí Belastingdienst mìíràn.

Ní ọdún 2016 kan náà, ó yí òfin àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fúnra wọn padà, ìyẹn àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ di àwátì ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún, àdéhùn àwòkọ́ṣe ló rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn débi pé ọ̀pọ̀ dáwọ́ dúró. Kí ọdún náà tó parí ó ti dá ìfìyàjẹni dúró, wọ́n sì ń sún un síwájú títí wọ 2025. Kíyè sí i: àwọn tó ń gbé iṣẹ́ náà síta lè ṣíwọ́, wọ́n sì ṣíwọ́ lóòótọ́. Nítorí náà ìjọba gbọ́ kíákíá.

Èyí tó kàn mí jù nídìí iṣẹ́ mi, torí èmi ni mo ń bá àwọn ènìyàn wa níbí kọ ìwé owó-orí wọn, ni owó-orí orí ìfowópamọ́, tí gbogbo wa ń pè ní box 3. Láti 2001 títí di 2016, ìjọba kì í béèrè iye èlé tí báńkì fún ọ. Wọ́n kàn máa ń gbà pé owó àti ìdókòwò rẹ so èso ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì gba ìdá ọgbọ̀n nínú èso tí wọ́n fojú inú rí náà. Nígbà tí báńkì ń san ìdá mẹ́rin, kò sẹ́ni tó pariwo. Nígbà tó yá, èlé báńkì já wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Wiebes tún un ṣe láti 2017: ó pín in sí ìpele mẹ́ta, ó ní bí ènìyàn bá ṣe lówó tó ni yóò ṣe fi èyí tó pọ̀ sí i ra ìpín ìdókòwò, nítorí náà bí owó bá ṣe pọ̀ tó ni èso tí wọ́n á kà sí i lọ́rùn yóò ṣe ga tó. Ìṣirò yìí gún. Ẹni tó mọ ojú ìwòye bí àwọn ènìyàn ṣe ń ná owó ló ṣe é.

Ká wá mú opó kan tó ní 75,000 Yúrò ní báńkì ní 2017, kò ra ìpín kankan láyé rẹ̀. Wọ́n yọ 25,000 fún un, ó ku 50,000. Wọ́n ní èso rẹ̀ jẹ́ ìdá 2.871 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1,435 Yúrò ó lé díẹ̀. Ìdá ọgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ 430. Ká ní báńkì fún un ní ìdá 0.2, Yúrò 150 ló wọlé fún un. Ó wá san 430 lórí 150. Àwọn oníbàárà mi máa ń bi mí bóyá mo ṣi ìṣirò ni. Mi ò ṣì í. Irú ẹni tí òfin fojú inú yà wà lóòótọ́ láàárín ìlú, àmọ́ opó yìí kọ́ ni.

Àwọn kan kọ̀wé àtakò, wọ́n sì bá a dé òpin. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2021, Hoge Raad, ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, dájọ́ pé ètò 2017 náà tàpá sí ẹ̀tọ́ tí àdéhùn ilẹ̀ Yúróòpù fún ènìyàn lórí ohun ìní rẹ̀. Ìdájọ́ Kérésìmesì ni wọ́n ń pè é. Ìjọba tún òfin ṣe, ilé ẹjọ́ náà tún wí ní oṣù Kẹfà 2024 pé àtúnṣe náà kò tíì tó fún ẹni tí èrè rẹ̀ gan-an kéré sí èyí tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Àmọ́ ó ti kọ́kọ́ sọ ní 2022 pé ẹni tí kò kọ̀wé àtakò lásìkò kò lè fi ìdájọ́ náà béèrè owó rẹ̀ padà. Opó tó gbà pé ìjọba kì í ṣìṣirò, òun ló pàdánù.

Èyí tó burú jù kò kan èlé rárá. Mo ní kí o rántí owó ìrànwọ́ ìtọ́jú ọmọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà nìyí: òbí tó ń ṣiṣẹ́ á fi ọmọ sí ọ̀dọ̀ olùtọ́jú, Belastingdienst á máa san èyí tó pọ̀ nínú owó náà ṣáájú, lóṣooṣù, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Ní 2013 àṣírí tú pé àwọn oníjìbìtì kan ti kó àwọn ará Bùlùgéríà wá láti gba owó ìrànwọ́ lọ́nà èrú. Ìlú gbiná, gbogbo ilé aṣòfin ní àfi kí wọ́n le koko. Belastingdienst dá ikọ̀ ọdẹ jìbìtì sílẹ̀, òfin sì ti wà tí wọ́n ń lò bí idà: bí ìwé kan bá kù, bí ìbuwọ́lùwé kan kò bá sí, bí òbí kò bá lè fi hàn pé òun san ìwọ̀nba tó kàn án, gbogbo owó ọdún yẹn ló máa dá padà, kì í ṣe èyí tó kù nìkan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá Yúrò nígbà mìíràn. Ní 2014 wọ́n já owó àwọn ìdílé bíi 300 tó ń lo ilé iṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ kan ní Eindhoven lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Agbẹjọ́rò kan, Eva González Pérez, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwé wọn yọ.

Fọlákẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé yẹn jọ wá. Ìwé ìlú méjì. Orúkọ tí òyìnbó kò lè pè. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ìsọfúnni ara ẹni wádìí rẹ̀, ó ní Belastingdienst kọ ìwé ìlú kejì àwọn ènìyàn sílẹ̀ láìtọ́, ó sì fi orílẹ̀-èdè ènìyàn ṣe àmì ìfura. Ẹ̀sùn lórí àwọn ọmọ Ghana kan ti mú kí wọ́n lọ fa gbogbo ọmọ Ghana tó ń gba owó náà yọ láti yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n bu owó ìtanràn 2.75 mílíọ̀nù Yúrò lé Belastingdienst ní 2021.

Wiebes wà lórí àga ní oṣù Kẹta 2017 nígbà tí Sandra Palmen, amòfin kan nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kọ àkọsílẹ̀ kan sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn òbí Eindhoven kò dára, ó ní kí wọ́n san ẹ̀san fún wọn. Àkọsílẹ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ Wiebes. Ó dúró sí ibì kan láàárín. Ọdún 2020 ni ayé tó rí i. Àwọn aṣòfin méjì, Renske Leijten àti Pieter Omtzigt, pẹ̀lú àwọn akọ̀ròyìn RTL àti Trouw ti fi ọ̀pọ̀ ọdún béèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí kó tó jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, ó pè é ní ìwà àìṣòdodo tí irú rẹ̀ kò tíì sí rí. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 2021 gbogbo ìjọba Mark Rutte kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àwọn yòókù dúró láti máa tọ́jú ilé di ìgbà ìdìbò, Wiebes kò dúró, ó lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ṣèlérí Yúrò 30,000 fún òbí kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ náà bá. Palmen ni wọ́n padà wá fi ṣe staatssecretaris tó ń bójú tó ẹ̀san náà, ní ìparí 2024.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ ro ó bọ̀. Kì í ṣe pé Wiebes kò láàánú. Ibi tó ti kọ́ṣẹ́, ìròyìn burúkú kì í nílò kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ fún ọ̀gá: owó tí kò wọlé mọ́ ló ń sọ ọ́. Ní Belastingdienst, owó ń wọlé dáadáa lásìkò tí wọ́n ń fìyà jẹ àwọn òbí yẹn. Ó tiẹ̀ ń wọlé sí i, nítorí owó tí wọ́n ń gbà padà lọ́wọ́ wọn. Ìwé ìṣirò rẹwà. Bí ìwé ìṣirò bá wá rẹwà, tí ẹni tí ó ń dùn kò sì lè lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ìwé tí ènìyàn kọ, tí ènìyàn mìíràn sì lè fi sínú àpótí.

Àwọn tó lè lọ, ẹnikẹ́ni kì í fi ìwé tiwọn sínú àpótí. Ní oṣù Kẹwàá 2017, ìjọba tuntun gbé e jáde pé òun máa pa owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí èrè ìpín run, ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni, wọ́n sì ṣírò pé á ná ìlú ní bílíọ̀nù 1.4 Yúrò lọ́dún. Kò sí ẹgbẹ́ kan tó sọ ọ́ nígbà ìpolongo. Nítorí Unilever, níbi tí Rutte fúnra rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ rí, àti nítorí Shell ni. Unilever yí ọkàn padà ní oṣù Kẹwàá 2018, kò kó olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Rotterdam mọ́, ìjọba sì gbé ètò náà jù nù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn méjèèjì padà yan London. Gbogbo ìgbà yẹn ni àwọn òbí Eindhoven ń kọ lẹ́tà.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè rẹ nìyí o. Lọ gba iṣẹ́ náà, o tó o ṣe. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ sí ìwé wọn, béèrè ibi tí lẹ́tà àtakò àwọn tó ń san owó-orí máa ń gbà lọ. Ta ló ń ṣí i? Ta ló ń fèsì? Mélòó ló ti wà nílẹ̀ láti ọdún tó kọjá tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà? Sọ pé o fẹ́ máa rí díẹ̀ nínú wọn lọ́sẹ̀, lẹ́tà náà gan-an pẹ̀lú ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, kì í ṣe àkópọ̀ tí ẹnì kan tẹ̀ sí ojú ìwé kan fún ọ. Kí o sì mọ orúkọ amòfin inú ilé náà, kí ó mọ̀ pé òun lè wọlé bá ọ láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni kọjá. Bí wọ́n bá ní ọ̀gá kì í ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bá wọn jà á. Bí wọ́n bá sì kọ̀ jálẹ̀, dúró sí báńkì rẹ, èmi náà ni màá bá ọ ṣàlàyé fún màmá.

Fún mi lésì kí o tó fún wọn lésì. Ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó ní aṣọ tó rán sí ọ ti wà lọ́nà. Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Akínwálé